Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Mizuki Shigeru, Ọlọ́wọ́ Kan Tó Ya Àwọn Iwin Ilẹ̀ Jàpáànù

Láti ìgbà tá a ti mẹ́nu ba Mizuki Shigeru nínú ẹ̀dà tó kọjá, tá a ní òun ló ya Kitaro, pé ìyá àgbà kan ló sì kọ́ ọ níṣẹ́, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Ìlà méjì péré la kọ nípa ẹ̀ nígbà yẹn, àṣìṣe wa nìyẹn, torí ẹni bíi Mizuki kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìlà méjì rò. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan, mo sì gé àwọn kan kúrú, ẹ má bínú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: mángà ni àwọn ará Jàpáànù ń pe ìwé ìtàn aláwòrán, yókàì sì ni wọ́n ń pe gbogbo ohun àràmàǹdà pátá, iwin, ẹbọra, ọ̀rọ̀ inú igbó, ohun tó ń dún lókè àjà lóru tẹ́nì kankan ò rí. Kitaro ni ọmọkùnrin olójú kan tó wá láti ìran àwọn iwin, tó ń là wọ́n níjà pẹ̀lú àwa èèyàn. Ó yá, ká lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin tó ya Kitaro ní, èmi ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ya irú àwòrán yẹn, igbó inú ẹ̀ nìkan, èèyàn lè ka ewé ẹ̀ tán. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tá a ti ń fà á. Ta ló jàre?" (Oníyàn)

Àbúrò ẹ ló jàre, lọ bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Mizuki fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, àtèyí tó kọ́kọ́ tà àtèyí tó ṣe nígbà tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Ogun ló gba tòsì lọ́wọ́ ẹ̀.

Mura Shigeru lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Sakaiminato ló ti dàgbà, ìlú àwọn apẹja kan létí òkun ní agbègbè Tottori, ó sì fẹ́ràn ìlú yẹn débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ibẹ̀ náà ló máa ń sọ pé wọ́n ti bí òun, nígbà tó jẹ́ pé Osaka gan-an ni. Irọ́ kékeré, mo ti fi jì í. Nígbà ogun àgbáyé kejì, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, wọ́n fi tipátipá mú un wọṣẹ́ sójà, wọ́n kó o lọ sí Rabaul ní erékùṣù New Britain, ibi tó wà lábẹ́ Papua New Guinea lónìí.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà nìyí. Wọ́n ní kí òun àtàwọn sójà mélòó kan, gbogbo wọn ò ju bíi mẹ́wàá lọ, lọ máa ṣọ́ ibì kan tó jìnnà sí àwọn tó kù. Ní ìdájí ọjọ́ kan òun ló kàn láti ṣọ́nà. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán wà lọ́wọ́ ẹ̀, òkun ló yẹ kó máa fi wò bóyá ọ̀tá ń bọ̀, àmọ́ àwọn odídẹrẹ́ ti jí, wọ́n ń fò láti igi dé igi, aláwọ̀ oríṣiríṣi, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ìyẹ́ wọn, ni Mizuki bá yí awò sí odídẹrẹ́. Ó wò ó, ó wò ó, àsìkò tó yẹ kó lọ jí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọjá. Orí odídẹrẹ́ ló ṣì wà tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró lọ́nà ibi tí wọ́n sùn sí. Òun nìkan ló yè. Ó bẹ́ sínú òkun, ó wọ igbó, ó rìn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwọn, ẹ̀yin á rò pé wọ́n á kí i kú ewu, ká má rí i. Ọ̀gá ẹ̀ bínú sí i ni, pé àwọn yòókù ti kú, kí ló ń ṣe láyé tòun. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ibà dá a dùbúlẹ̀, orí ìdùbúlẹ̀ yẹn ni bọ́ǹbù inú bàálù ti bá a, bí ọwọ́ òsì ṣe lọ nìyẹn.

Báwo ló wá ṣe ń yàwòrán? Ohun tó le nínú fífi ọwọ́ kan yàwòrán kì í ṣe yíyà á, bébà ló le torí ó ń sá. Mizuki á tẹ̀ mọ́ tábìlì, á yí ara, á fi èjìká òsì ẹ̀ tẹ bébà náà mọ́lẹ̀, á sì máa fi ọ̀tún fa ìlà. Ní ti igbó tó o sọ yẹn, wo ó dáadáa: kì í ṣe ìlà nìkan ló wà níbẹ̀, ṣóńṣó pẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fi kán an, tó, tó, tó, ẹgbàágbèje àmì, títí tí òkúta á fi dà bíi fọ́tò. Nígbà tí owó wọlé ó gba àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a kán an, Tsuge Yoshiharu àti Ikegami Ryoichi, tí àwọn náà padà di ìlú-mọ̀ọ́ká, wà nínú wọn. Èèyàn inú àwòrán ẹ̀ wá rí bákan, ojú roboto, imú gbọọrọ, bí ohun tí ọmọdé yà, ó gbé e ka iwájú igi àti ilé tó rí bí ojúlówó. Lójú tèmi ibẹ̀ lagbára ẹ̀ wà: ayé tó yí èèyàn ká dúró sinsin, èèyàn gan-an ni ò ju bí ẹ̀fẹ̀ lọ.

"Ẹ kọ ọ́ pé ìyá àgbà kan ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣé ìyá yẹn mọ àwòrán yà ni?" (Ọmọ Ìyá Àgbà)

Rárá o, àmọ́ mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Kageyama Fusa lorúkọ màmá yẹn, NonNonBa ni wọ́n ń pè é. Nonnon ni wọ́n ń pe àwọn tó ń gbàdúrà fáwọn èèyàn ládùúgbò yẹn, iṣẹ́ tí màmá yìí àti ọkọ ẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ba sì ni ìyá àgbà. Akúṣẹ̀ẹ́ ni, a máa wá bá wọn ṣiṣẹ́ nílé àwọn Mizuki, àwọn ọmọ á sì jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀ ò tán. Ọmọdé á dùbúlẹ̀ kó tó sùn, á rí àbàwọ́n dúdú lára àjà, á bi í pé kí nìyẹn, NonNonBa á ní Tenjoname ló wá lóru, tó na ahọ́n gígùn ẹ̀ tó fi lá àjà ilé. Ibi tó lá ló dúdú yẹn. Ó parí. Ta ló máa jiyàn? Àbàwọ́n wà níbẹ̀, èèyàn ń fojú ara ẹ̀ rí i!

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Betobeto-san. Tó o bá ń dá rìn lálẹ́, tó o gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ, tó o wẹ̀yìn tó ò rẹ́nì kan, má sá, ìwọ ṣáà yà sẹ́bàá ọ̀nà, kó o ní kó jọ̀ọ́ kó máa kọjá lọ níwájú, ẹsẹ̀ yẹn ò ní dún mọ́. Ẹ wo bó ṣe gbé e kalẹ̀: iwin náà ò burú, ọ̀nà ló ń wá, ìwọ lo dí i. Nígbà tí Mizuki dàgbà ó wá ya Betobeto-san yìí, ohun roboto kan tó fẹ́ẹ́ má láwọ̀, ẹnu gbàǹgbà tó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú bàtà onígi, kò lójú, kò lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rí i rí, ìró ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àmọ́ tí ọmọ Jàpáànù kan bá gbọ́ orúkọ ẹ̀ lónìí, ohun tí Mizuki yà yẹn ló ń wá sí i lọ́kàn.

NonNonBa yìí kan náà ló mú un lọ sí Shofukuji, tẹ́ńpìlì kan ní Sakaiminato, níbi tí àwòrán ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì wà lára ògiri, ọmọ náà sì dúró síwájú ọ̀run àpáàdì kò fẹ́ kúrò. Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló sọ ọ́ di ayàwòrán, mi ò ní mẹ́nu ba pẹ́ẹ̀nì, etí ni màá pè é. Ẹnu àgbà lobì ti í gbó, ọmọ yìí sì dúró tì í títí tó fi gbó.

"Ẹ má tàn wá jẹ o. Mo gbọ́ pé Kitaro kì í ṣe ti Mizuki rárá, pé ó jí i ni. Kí lẹ rí sí i?" (Òtítọ́ Korò)

Jíjí kọ́, ó gbàṣẹ. Àmọ́ òótọ́ wà níbi tó o ti gbọ́ ọ, jẹ́ n tú u.

Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, eré kan wà ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní kamishibai. Bàbá kan á gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò, férémù onígi wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á lu igi pọ̀ kó ró ko-ko, àwọn ọmọ á sáré dé, á ta súìtì fún wọn, á wá máa fa àwòrán jáde lọ́kọ̀ọ̀kan nínú férémù, á máa fẹnu sọ ìtàn ẹ̀, á pohùn dà, á dá a dúró síbi tó dùn jù kí wọ́n lè padà wá lọ́la. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè ẹnì kan tó ń jẹ́ Ito Masami ti kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kan nípa ọmọ tí wọ́n bí nínú sàréè, Kitaro ti Itẹ́ Òkú. Ó gbajúmọ̀ gan-an lásìkò ẹ̀, ogun dé, ó pa rẹ́.

Nígbà tí Mizuki darí dé láti ojú ogun lọ́dún 1946, kò síṣẹ́ tí kò ṣe, ó ta ẹja, ó lọ iléèwé àwòrán ní Musashino, ó ra ilé kan tó ń háyà yàrá ẹ̀ fáwọn èèyàn ní Kobe, ojú ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Mizuki ni ilé náà wà, ló bá sọ ilé ní Mizuki. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún àwọn oníkamishibai, Suzuki Katsumaru tó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà a máa pe orúkọ ilé mọ́ ọn lórí, Mizuki, Mizuki, bó ṣe di orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Suzuki yìí ló sọ fún un nípa Kitaro àtijọ́, Mizuki sì gba àyè lọ́wọ́ Ito kó tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Bàbá Kitaro tó ti jẹrà tán tí ẹyinjú ẹ̀ kan ṣoṣo jáde wá láti wo ọmọ ẹ̀ dàgbà, ẹyinjú kékeré tó lọ́wọ́ tó lẹ́sẹ̀, tó máa ń wẹ̀ nínú abọ́ tíì, èyí o, ti Mizuki ni. Ọkùnrin Eku, Nezumi-otoko, ọ̀bùn, olójúkòkòrò, tó máa dalẹ̀ Kitaro láàárọ̀ tó máa padà wá jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀ lálẹ́, ti Mizuki náà ni, òun ló sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ inú sàréè la bá nílẹ̀, àwọn tó yí i ká tó jẹ́ ká máa ka ìwé náà títí dòní, Mizuki ló bí wọn.

Kò sì tètè yọrí sí rere o. Tẹlifíṣọ̀n pa kamishibai, Mizuki kó lọ sí Tokyo, ó bọ́ sídìí àwọn ìwé tí wọ́n ń yá èèyàn kà fún owó kékeré, ìyẹn náà tún ń kú lọ. Kitaro jáde nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960. Ó di 1965 kí magasíìnì ńlá, Shonen Magazine, tó gbà á, àwọn tó fẹ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n sì ní ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú yẹn ò dáa létí, kò sẹ́ni tó máa fi pólówó ọjà ẹ̀ sí i, ni wọ́n bá yí i sí GeGeGe no Kitaro lọ́dún 1967. Gege yẹn, orúkọ ara ẹ̀ ni, nígbà tó wà lọ́mọdé tí ẹnu ẹ̀ ò tíì gbé Shigeru, Gegeru ló ń pè é. (Ẹ sì wò ó, gègé làwọn bàbá wa ń pe kálàmù. Mi ò sọ pé ó ní ìtumọ̀ o, ó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni.) Lọ́dún 1968 ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, Mizuki fúnra ẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ orin tó ń ṣáájú ẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe léraléra látìgbà náà, ti 2018 ló gbẹ̀yìn.

"Ohun tí kò yé mi ni pé, tí ẹnì kan ò bá rí iwin rí, báwo ló ṣe mọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí tó fi yà á?" (Ojú Lalákàn)

Ìwé ló kún un lọ́wọ́. NonNonBa fún un ní ìtàn àti ẹ̀rù, àmọ́ àwòrán ò sí lọ́wọ́ màmá. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Toriyama Sekien ló ti rí púpọ̀ kó, ayàwòrán ayé àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àwòrán àwọn yókàì jáde lọ́dún 1776, iwin kan sójú ewé kan, orúkọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mizuki ò fi bò, ẹ gbé tiwọn jọ, ẹ máa rí i pé ìdúró kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró.

Ẹnì kejì ni Yanagita Kunio, ọ̀mọ̀wé tó ń kó ìtàn àwọn ará oko jọ. Yanagita kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò yàwòrán. Ẹ jẹ́ ká mú Nurikabe: o ń rìn lóru, ọ̀nà dí lójijì, ògiri wà níwájú ẹ tó ò rí, o fọwọ́ kàn án, kò lópin. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mizuki sọ ọ́ di ògiri gbàgìdì, pẹlẹbẹ, ojú wínníwínní méjì, ẹsẹ̀ kúkúrú, ó sì ń bá Kitaro jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìdí tó fi yé e tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó sọ pé òun pàdé ẹ̀ rí, nínú igbó New Britain, lóru tó ń sá àsálà yẹn, ohun kan tí kò rí dí i lọ́nà, kò lè lọ síwájú, ó jókòó sinmi, ìgbà tó dìde ó ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ebi àti àárẹ̀. Mizuki pè é ní Nurikabe, torí orúkọ ti wà nílẹ̀ fún un láti kékeré.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ròyìn àwọn olórúkọ, a kì í gbọ́ tẹni tó ń ṣe ilé." (Ìyá Ibejì)

Ẹ ṣeun, mà. Ti Nunoe, ìyàwó ẹ̀, kò pamọ́ o, ó kọ ìwé tiẹ̀ lọ́dún 2008, Gegege no Nyobo, Ìyàwó Gegege, ilé iṣẹ́ NHK sì sọ ọ́ di eré àràárọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2010, gbogbo Jàpáànù ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ẹbí ló bá wọn ṣe é, oṣù kìíní ọdún 1961, ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n fojú kan ara wọn ni ìgbéyàwó. Wọ́n ti sọ fún un pé ayàwòrán ìwé ni lóòótọ́, wọn ò sọ fún un pé ebi ń pa á. Ilé ní Chofu, lẹ́bàá Tokyo, òfìfo. Ohun tí Mizuki bá rà bọ̀ tó ṣe bí ọ̀ṣọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, èyí tó ti fẹ́ẹ̀ bàjẹ́ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Aṣọ, ẹrù, gbogbo ohun tó ṣeé gbé ni wọ́n gbé lọ dógò. Àwọn agbowó-orí wá sílé lọ́jọ́ kan, wọ́n ní owó tó kọ sílẹ̀ pé òun ń gbà ti kéré jù, kò sẹ́ni tó lè fìyẹn jẹun, ó ní láti jẹ́ pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Mizuki bá lọ kó risíìtì ẹrù tí wọ́n fi dógò wá, ìdì gọbọi, ó jù ú síwájú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ohun tó gbún mi lọ́kàn nínú ìwé màmá yẹn kì í ṣe òṣì o. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ òun lòun ń wò, bó ṣe tẹ̀ mọ́ tábìlì tó ń fi gbogbo ara yàwòrán, òun ò rí ẹni tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ni òun náà bá jókòó, ó ń bá a kun ibi tó yẹ kó dúdú, ó ń bá a fa ìlà. Torí náà, mà, tẹ́ ẹ bá ṣí àwọn ìwé ayé àtijọ́ yẹn, ọwọ́ ìyàwó wà níbẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo fẹ́ di ayàwòrán, mi ò kì í sùn mọ́ lóru torí mo gbọ́ pé bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn. Kí lẹ rí sí i, ẹ̀gbọ́n?" (Àìsùn)

Lọ sùn!

Mizuki ya ìtàn kúkúrú kan sílẹ̀ nípa ẹ̀. Níbi àpèjẹ kan, Tezuka Osamu àti Ishinomori Shotaro, àwọn ọ̀gá méjì tí gbogbo ayé ń wárí fún, ń fọ́nnu pé àwọn ò sùn fún ọjọ́ báyìí báyìí, Mizuki ní òun o, bó ti wù kíṣẹ́ pọ̀ tó òun máa ń sùn yó. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Tezuka kú lọ́dún 1989, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ishinomori kú lọ́dún 1998, ẹni ọgọ́ta ọdún lòun náà. Mizuki tó ń sùn lo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ló kú.

A ti kọ́ wa pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ọkùnrin yìí wá ń sọ fáwọn èèyàn nínú ìwé ẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀lẹ. Kó o má ṣì í gbọ́ o, ẹni tó jìyà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ojoojúmọ́ lu èèyàn kó lè yára, kó lè kú fún ọ̀gá, kò sì fẹ́ mọ́ láéláé. Goethe, òǹkọ̀wé Jámánì, wà lára àwọn tó gbé e ró lórí ọ̀rọ̀ yìí: ìwé tí Eckermann fi kọ ọ̀rọ̀ tí Goethe ń bá a sọ sílẹ̀, Mizuki kà á kó tó lọ sógun, ó sì fi sínú ẹrù ẹ̀ lọ sójú ogun. Ọmọ tí NonNonBa fi Tenjoname tọ́, tó tún ń ka Goethe nínú àgọ́ sójà, irú àdàlù bẹ́ẹ̀ wọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni, mo ní ọmọ mẹ́rin nílé. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi iwin ṣe? Ẹ máa dẹ́rù bà wọ́n." (Bàbá Ọmọ Mẹ́rin)

Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Nínú Kitaro, nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ tọpasẹ̀ ẹ̀ dáadáa, èèyàn kan ló gé igbó tí kò yẹ kó gé, tàbí tó fẹ́ lówó lọ́sàn-án kan òru kan. Àwọn ọmọ ò ní bẹ̀rù iwin yẹn, wọ́n á fẹ́ kó wá bá wọn ṣeré ni.

Ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú sókè pẹpẹ títí wọ́n á fi dàgbà lèyí tí kò sí iwin kankan nínú ẹ̀. Soin Gyokusai Seyo ni, ọdún 1973, ohun tó ń sọ ni bí wọ́n ṣe pàṣẹ fáwọn sójà kan ní New Britain pé kí gbogbo wọn lọ kú, àwọn kan yè, ọ̀rọ̀ yẹn di wàhálà torí wọ́n ti ròyìn pé wọ́n ti kú tán. Mizuki ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn sójà inú ẹ̀ rí bí ẹ̀fẹ̀ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, imú gbọọrọ, wọ́n ń wá oúnjẹ, wọ́n ń gba ìfọ́tí, ó pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi dé ojú ewé ìkẹyìn tí òkú ò jẹ́ ẹ̀fẹ̀ mọ́, tó fi àmì tó-tó-tó yẹn yà wọ́n bíi fọ́tò. Mo pa ìwé dé, mi ò lè ṣe nǹkan kan fún bíi wákàtí kan.

"Níbo kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí n bá fẹ́ ka ìwé ẹ̀? Mi ò gbọ́ èdè Jàpáànù." (Akàwé)

NonNonBa. Ìgbà èwe ẹ̀ ló wà níbẹ̀ tòun ti màmá yẹn, òun sì ni mángà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ìwé tó dáa jù ní Angoulême, ní Faransé, lọ́dún 2007. Lẹ́yìn ẹ̀ kó o wá ka Showa, ìtàn Jàpáànù láti 1926 dé 1989 tó fi ìtàn ara ẹ̀ wé mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n lẹ́yìn ogun wà nínú ẹ̀, kò fi bò. Ilé ìtẹ̀wé Drawn & Quarterly ní Kánádà ti tẹ gbogbo wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tó o bá wá lówó ọkọ̀ òfurufú, Sakaiminato ni kó o lọ: láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń to ère idẹ àwọn yókàì ẹ̀ sẹ́bàá títì, wọ́n ti lé ní 170 báyìí, pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí ń jẹ́ Yonago Kitaro, ojú Kitaro wà lára rélùwéè.

"Ṣé ó tún padà sí erékùṣù tó ti fọwọ́ sílẹ̀ yẹn?" (Arìnrìnàjò)

Ó padà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ọwọ́ ẹ̀ lọ tán, kó tó darí sílé, ó máa ń yọ́ kúrò lágọ̀ọ́ lọ sí abúlé àwọn Tolai nítòsí Rabaul. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sọ ọ́ ní Paulo, wọ́n ní kó má lọ mọ́, àwọn á fún un ní ilẹ̀, àwọn á bá a kọ́lé, ó sì fẹ́ dúró lóòótọ́, dókítà àwọn sójà ló rọ̀ ọ́ pé kó kọ́kọ́ lọ fojú kan àwọn òbí ẹ̀ ná. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọdún méje. Ebi, kamishibai, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, Kitaro, ọdún méje di ohun tó lé ní ogún ọdún. Lọ́dún 1971 tó débẹ̀, Topetoro, ọmọdékùnrin tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún un nígbà ogun, ti di bàbá, ó ṣì mọ̀ ọ́n. Mizuki kọ ìwé kan lórí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, àádọ́ta ọdún pẹ̀lú Topetoro lorúkọ tó fún un.